Ṣé kí àbúrò mi gbà pé òun jẹ̀bi kó lè tètè jáde?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 24, ló ń tún fóònù ṣe. Oníbàárà kan gbé fóònù wá pé kó bá òun pààrọ̀ ojú rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọn ọlọ́pàá tọpasẹ̀ fóònù náà dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ńṣe ni wọ́n jí i. Àbúrò mi ò sí níbẹ̀, ni wọ́n bá gbé ìyá wa tó ń tajà níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ, àfìgbà tó yọjú kí wọ́n tó fi ìyá sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò ní àgọ́ wọn. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kó buwọ́ lù ú, ó sì buwọ́ lù ú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé kóòtù, ó ní òun ò jẹ̀bi. Adájọ́ fún un ní béèlì ₦500,000 pẹ̀lú onídùúró méjì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ onílé. A ò rí onílé. Èmi fẹ́ dúró fún un, wọ́n ní obìnrin ni mí. Ó ti wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n báyìí, ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sì ṣì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹnì kan tí wọ́n jọ wà nínú níbẹ̀ ní kó yí ọ̀rọ̀ padà, kó ní òun jẹ̀bi, pé adájọ́ á ní kó san owó ìtanràn, á sì máa lọ sílé. Ṣé kó ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ẹ kú ìdààmú, arábìnrin. Èsì mi ò gùn: rárá, kó má tíì yí ohunkóhun padà. Ẹni tó gbà á nímọ̀ràn lè má ní inú burúkú sí i. Ẹni tó bá ń bá ìdun àti ooru sùn lójoojúmọ́, ojú ọ̀nà tó bá kọ́kọ́ rí ló máa tọ́ka sí. Àmọ́ ìṣòro méjì ló ṣù pọ̀ sórí àbúrò yín, oògùn ọ̀kan ló sì fẹ́ fi wo èkejì. Èkíní, ó wà ní àhámọ́. Èkejì, wọ́n fẹ̀sùn kàn án. Béèlì ló ń wo tàkọ́kọ́, ẹ̀rí àti ìgbẹ́jọ́ ló ń parí èkejì. Kéèyàn wá torí pé òun ò rí onídùúró kó ní òun jalè, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan kúrò lọ́nà, torí mo mọ̀ pé ó ń jẹ ìyá yín lọ́kàn. Wọn ò tíì dá àbúrò yín lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni mo ti bá níwájú kóòtù tí wọ́n ń sunkún pé adájọ́ ti rán ọmọ àwọn lẹ́wọ̀n, nígbà tó jẹ́ pé adájọ́ ò tíì gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà tó jẹ́ pé ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń retí. Abala 36(5) nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn títí wọ́n á fi fìdí ẹ̀bi rẹ̀ múlẹ̀. Ìjọba ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kọjá iyèméjì tó bá ọgbọ́n mu. Àbúrò yín ò ní láti fìdí ohunkóhun múlẹ̀ pé òun mọ́. Lóòótọ́, ìgbé ayé inú ọgbà kan náà ni ẹni tó ń retí ìgbẹ́jọ́ àti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ jọ ń gbé, ìyẹn ló fi ń ṣe àwọn èèyàn bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

N ò tíì rí ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ o, òun sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ wá. Ẹ lọ bá akọ̀wé kóòtù, kí ẹ bèèrè bí ẹ ṣe máa gba ẹ̀dà. Àmọ́ bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀ yìí, ó jọ pé ẹ̀sùn gbígba ẹrù olè ni, abala 427 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń lò. Wọ́n sì lè fi olè jíjà fúnra rẹ̀, abala 390, mọ́ ọn. Ibí yìí ni ohun tí kì í hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn wà. Olè jíjà lásán, ọdún 3 ló lè fà. Gbígba ẹrù olè lè fa ọdún 14. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ńṣe ló dà bíi pé òyìnbó tó kọ òfin yẹn gbọ́ Yorùbá. Adájọ́ májísíréètì ò ní agbára láti fún èèyàn ní gbogbo ọdún 14 yẹn, àmọ́ ẹ ti rí i pé ohun tí wọ́n ní kí àbúrò yín fi ẹnu ara rẹ̀ gbà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ta ọjà sí ojú títì. Owó ìtanràn lè jẹ́ ìyà rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀wọ̀n náà lè jẹ́ ìyà rẹ̀. Ẹni tó ń ṣèlérí fún un nínú ọgbà kọ́ ló máa dá ẹjọ́ náà.

Kí ìjọba tó lè borí nínú ẹ̀sùn yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé jíjí ni wọ́n jí fóònù náà, pé ó dé ọwọ́ àbúrò yín, àti pé nígbà tó gbà á, ó mọ̀ pé ẹrù olè ni. Kò sí ẹni tó ń jiyàn èyí àkọ́kọ́. Èkejì náà ò ní àríyànjiyàn, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Gbogbo ẹjọ́ náà wá rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ó mọ̀ àbí kò mọ̀? Ẹ̀ẹ̀kan tó bá ti ní òun jẹ̀bi, ohun tó gbà kì í ṣe pé wọ́n bá fóònù lọ́wọ́ òun. Ohun tó gbà ni pé òun mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí lójú ẹsẹ̀, torí ó máa ń yára ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Akọ̀wé á dìde, á ka ẹ̀sùn lédè Gẹ̀ẹ́sì, á sì yí i sí Yorùbá bí olùjẹ́jọ́ bá ní Yorùbá lòun gbọ́. Ẹ̀tọ́ ni ògbufọ̀ yẹn, abala 36(6) ìwé òfin 1999 ló fún un, kò sì gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ fún un. Wọ́n á wá bi í pé, "Ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?" Tó bá ní òun jẹ̀bi, agbẹjọ́rò ìjọba á ròyìn bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀, adájọ́ á bi í bóyá òótọ́ ni àti bóyá ohun tó fẹ́ gbà náà nìyẹn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Wọn ò ní pe ẹlẹ́rìí, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi ọlọ́pàá léèrè ohunkóhun. Kí wọ́n tó pe ẹjọ́ tó tẹ̀ lé tirẹ̀, ó ti di ọ̀daràn lójú òfin, ìwọ̀n ìyà ló kù. Kò rọrùn láti fà á padà lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dá ẹni tó ti fẹnu ara rẹ̀ gbà lóhùn.

Mo jókòó sí kóòtù lọ́jọ́ kan, mò ń dúró de ẹjọ́ tèmi, ni wọ́n mú ọmọkùnrin kan wọ inú àpótí olùjẹ́jọ́. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé. Wọ́n ka ẹ̀sùn tán, ó ní, "Mo jẹ̀bi, sà, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé wọ́n jí i ni." Adájọ́ gbé bírò sílẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Ohun tí o sọ yìí, o ò jẹ̀bi ni," ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe gan-an nìyẹn, torí òfin ò gba "mo jẹ̀bi" tó ní "ṣùgbọ́n" nídìí. Àwọn tí mo máa ń bẹ̀rù fún ni àwọn tí wọ́n ti kọ́ lẹ́nu nínú ọgbà pé kí wọ́n má ṣe sọ "ṣùgbọ́n" yẹn o, kó má bàa bí adájọ́ nínú.

Ìwé tó buwọ́ lù ní àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn. Ẹ ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bóyá òun náà ò sì mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun mọ̀ pé wọ́n jí i. Òfin àmójútó ẹjọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 sọ pé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n fura sí, kí lọ́yà rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn wà níbẹ̀. Tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ògbufọ̀ gbà á sílẹ̀, kó kà á fún un, kó sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti Àbújá ni òfin 2015 yẹn wà fún, àwọn ìpínlẹ̀ sì ti ṣe tiwọn ní àwòṣe rẹ̀, nọ́ńbà abala lè yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ kí lọ́yà tó wà ní Ìbàdàn ṣí òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wò kó tó sọ̀rọ̀ ní kóòtù.

Àwọn èèyàn gbà pé ẹni tó bá ti buwọ́ lùwé, ó ti bọ́ sọ́wọ́ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ta ko irú ìwé yìí, kò sì dáa kí wọ́n dà wọ́n pọ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n nà án, tàbí wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, tàbí wọ́n ní ìyá rẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tó bá buwọ́ lù ú, agbẹjọ́rò rẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gbé ìwé náà wọlé bí ẹ̀rí. Adájọ́ á dá ẹjọ́ gangan dúró, á ṣe ìgbẹ́jọ́ kékeré kan láàárín rẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe gba ọ̀rọ̀ náà, ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò sí ìfipámúni níbẹ̀. Abala 29 òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 ló sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ohun tó fẹ́ sọ ni "mi ò sọ ọ̀rọ̀ yìí rí," ọ̀nà yẹn ò ṣí fún un. Adájọ́ á gba ìwé náà wọlé, tó bá wá di ìparí, á wo bó ṣe yẹ kí òun gbára lé e tó. Mo ti rí lọ́yà tó pariwo "wọ́n nà án," tí olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ wá ń sọ pé òun ò tiẹ̀ kọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ méjèèjì pa ara wọn. Ẹ bi àbúrò yín dáadáa, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kó má sọ ohun tó rò pé ó máa dùn létí lọ́yà.

Bó bá sì jẹ́ pé Yorùbá ló sọ, tí ọlọ́pàá ń kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ṣe ògbufọ̀ ní láti wá sí kóòtù wá jẹ́rìí sí ohun tó gbọ́ àti bó ṣe yí i. Láìsí i, ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ni ìwé yẹn. Ọ̀pọ̀ lọ́yà ló ń gbàgbé ìbéèrè kékeré yìí: "Èdè wo ló fi bá ọ sọ̀rọ̀?"

Ní ti ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, abala 35(2) ìwé òfin 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú lè dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀tọ́ gidi ni. Àmọ́ n ò ní tan yín, nínú ẹjọ́ fóònù yìí, ìdákẹ́ títí láé ní owó tó ń ná èèyàn. Abala 167 nínú òfin ẹ̀rí gba adájọ́ láyè láti rò ó pé ẹni tí wọ́n bá ẹrù olè lọ́wọ́ rẹ̀ láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n jí i, yálà òun ló jí i, tàbí ó gbà á pẹ̀lú ìmọ̀ pé wọ́n jí i, àyàfi tó bá lè sọ bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ẹrù ẹ̀rí ti kúrò lọ́rùn ìjọba. Ó túmọ̀ sí pé àlàyé tó mọ́gbọ́n wá, tó tètè jáde, tí kò yí padà, ló ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ là. Ìmọ̀ràn tí mo máa ń fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe ni pé kí wọ́n dákẹ́ títí lọ́yà tàbí ẹbí kan á fi dé, kí wọ́n wá sọ àlàyé kúkúrú tó jẹ́ òótọ́, kí wọ́n má sì buwọ́ lu ohun tí wọn ò kà.

Ibi tí àlàyé náà ti ń rí ẹsẹ̀ dúró ni ìwé jọ́tà ṣọ́ọ̀bù. Ṣé àbúrò yín ní ọ̀kan? Mo ti gba ẹjọ́ ẹnì kan rò tó jẹ́ pé ojú ewé kan ṣoṣo ló yọ ọ́. Iná tí wọ́n fi ń lẹ lẹ́ẹ̀dì ti jó igun rẹ̀. Déètì wà níbẹ̀, irú fóònù, "ojú ti fọ́, kò sí síìmù," owó àsansílẹ̀, iye tó kù, àti nọ́ńbà oníbàárà, láàárín iṣẹ́ mẹ́rin tó ṣíwájú rẹ̀ àti mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Mo ní kí ọlọ́pàá tó ṣe ìwádìí kà á sókè. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé nínú gbogbo ọdún tó ti fi ń mú àwọn tó ń gba ẹrù olè, mélòó ló bá tó kọ nọ́ńbà olè sínú ìwé, tó sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Kò dáhùn. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín ẹni tó gba fóònù láti tún un ṣe àti ẹni tó rà á ní owó pọ́ọ́kú láìsí páálí, láìsí rìsíìtì. Tó bá jẹ́ pé rírà ni àbúrò yín rà á, tàbí wọ́n ní kó bá wọn já kọ́kọ́rọ́ orí rẹ̀ tí kò sì bèèrè ìdí, kó sọ fún lọ́yà rẹ̀ báyìí. Lọ́yà ò gbọdọ̀ tú àṣírí rẹ̀, àmọ́ kò lè gbèjà ohun tí kò mọ̀.

Ní ti ìyá yín, ohun tí wọ́n ṣe kò bófin mu rárá. Abala 7 nínú òfin 2015 sọ ọ́ ní kedere pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà tí àbúrò yín lò náà kọjá ààlà, torí abala 35 ìwé òfin 1999 sọ pé níbi tí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Nínú Ìbàdàn, kò sí ibi tí kóòtù jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba, abala 35(6) ló sọ ọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga ni wọ́n sì ti ń bèèrè fún un. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí mi níbí: kò sọ ẹ̀sùn fóònù di asán. Ẹjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwọn kan máa ń dé ọ̀dọ̀ májísíréètì pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn pé torí ọjọ́ mẹ́fà yẹn, kó dá ọmọ àwọn sílẹ̀. Kò ní ṣe é. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú ìyá yín àti ìgbà tí wọ́n fi í sílẹ̀ síbì kan nísinsìnyí tí ẹ ṣì rántí, ó máa wúlò fún ẹjọ́ ẹ̀tọ́, ó sì máa wúlò fún ọ̀rọ̀ ìwé tó buwọ́ lù.

Ọ̀rọ̀ béèlì gan-an ni kó gba gbogbo agbára yín lọ́sẹ̀ yìí, torí òun ló ń ti àbúrò yín síbi tó ti fẹ́ sọ ohun tí kò ṣe. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ₦500,000 yẹn kì í ṣe owó tí ẹ máa san. Ìlérí ni, pé tí olùjẹ́jọ́ bá sá, onídùúró lè fi í gbára. Tí adájọ́ bá tiẹ̀ ní kí wọ́n fi owó sílẹ̀, àpò kóòtù ló ń lọ pẹ̀lú rìsíìtì, ó sì ń padà wá nígbà tí ẹjọ́ bá parí. Àwọn kan wà lẹ́nu ọ̀nà kóòtù tí iṣẹ́ wọn ni láti fi ara wọn háyà bí onídùúró, pẹ̀lú ìwé owó orí tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ yẹra fún wọn. Ọjọ́ tí ayédèrú wọn bá tú, béèlì náà á tú, àbúrò yín á padà sínú, ojú tí adájọ́ á sì fi wò ó nígbà kejì ò ní rí bíi ti àkọ́kọ́ mọ́.

Ta ló sọ fún yín pé obìnrin ò lè dúró? Ṣé adájọ́ ni, àbí ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà? Mo bèèrè torí òfin 2015 sọ pé wọn ò gbọdọ̀ kọ onídùúró kan torí pé obìnrin ni, abala 42 ìwé òfin 1999 náà sì lòdì sí kí wọ́n fi jíjẹ́ obìnrin du èèyàn ní ẹ̀tọ́. Tó bá jẹ́ akọ̀wé tàbí ọlọ́pàá ló dá yín padà, kì í ṣe àṣẹ kóòtù. Ẹ lè jẹ́ ọ̀kan nínú onídùúró méjì náà lọ́la tí iṣẹ́ àti àdírẹ́sì yín bá ṣeé wò. Onílé ló wá kù, ìyẹn náà ò sì mọ ní ọ̀nà kan. Òfin sọ pé gbèdéke béèlì ò gbọdọ̀ pọ̀ ju agbára ẹ̀dá lọ. Lọ́yà lè kọ ìwé sí adájọ́ kan náà pé kó tún un yẹ̀ wò, kó fi òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí oníṣòwò tó ní ìwé ìbúra lórí ohun ìní rẹ̀ rọ́pò onílé, tàbí kó dín iye náà kù. Tí adájọ́ bá kọ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga lágbára láti dín in kù. Ẹ ò ní láti dúró di ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé náà wọlé ni wọ́n lè fún un ní déètì. Mo ti rí i tó gba ọjọ́ mẹ́rin, mo sì ti rí i tó gba oṣù kan nígbà tí adájọ́ lọ ìsinmi.

Tó bá ti jáde, kí ló kù? Ìjọba á pe ẹlẹ́rìí, pàápàá ẹni tó ni fóònù àti ọlọ́pàá tó ṣe ìwádìí, lọ́yà yín á sì bi wọ́n ní ìbéèrè. Tí wọ́n bá parí tí ẹ̀rí wọn ò kan "ó mọ̀" yẹn rárá, lọ́yà lè ní kò sí ohun tí olùjẹ́jọ́ fẹ́ dáhùn sí, tí adájọ́ bá sì gbà, ẹjọ́ parí síbẹ̀. Tí kò bá gbà, àbúrò yín lè jẹ́rìí fúnra rẹ̀ tàbí kó máà jẹ́rìí, abala 36(11) ìwé òfin 1999 ò gba kí ẹnikẹ́ni fipá mú un. Nínú irú ẹjọ́ yìí, èmi á fẹ́ kó sọ̀rọ̀, pẹ̀lú jọ́tà lọ́wọ́. Òfin 2015 fẹ́ kí ìgbẹ́jọ́ máa lọ lójoojúmọ́, níbi tí kò bá ti ṣeé ṣe, kí ìsúnsíwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan má ju márùn-ún lọ. Lójú ayé, wọ́n á gbé ọlọ́pàá lọ síbòmíràn, iná á lọ, ẹni tó ni fóònù á ní òun rìnrìn àjò. Tí wọn ò bá wá léraléra, adájọ́ lè ju ẹjọ́ náà nù. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn ṣe ìdáláre, torí wọ́n ṣì lè gbé e padà wá. Ẹni tí wọ́n bá dá láre lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ ni wọn ò lè fi ẹ̀sùn kan náà pè mọ́.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ lọ bá ẹni tó ni fóònù, kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ò burú tó bá gba ọ̀nà lọ́yà, àmọ́ kì í ṣe òun ló ni ẹjọ́ mọ́. Ìjọba ló pe ẹjọ́, àwọn nìkan ló lè fà á sẹ́yìn. Ẹ má sì fún un lówó kó má bàa wá jẹ́rìí, ẹ̀sùn tuntun nìyẹn máa bí, ó sì lè kan ẹ̀yin gan-an.

Ó ku ibi tó nira. Bí àbúrò yín bá dá jókòó ti lọ́yà rẹ̀, tó sì ní òun mọ̀ pé wọ́n jí fóònù yẹn, ìmọ̀ràn mi yí padà. "Mo jẹ̀bi" lè wá ní àyè nígbà náà, lẹ́yìn tí lọ́yà bá ti bá agbẹjọ́rò ìjọba jíròrò lórí ẹ̀sùn tó fúyẹ́ tàbí ìyà tí kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, bíi iṣẹ́ ìlú. Adájọ́ máa ń ro ti ẹni tí kò fi àkókò kóòtù ṣòfò, tó dá fóònù padà, tí kò sì ṣẹ̀ rí. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ á wà nínú àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá, ó sì lè yọjú lọ́jọ́ tó bá ń wá iṣẹ́ tàbí físà. Òun ló máa pinnu, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n jọ ń sùn.

Tí owó lọ́yà bá jẹ́ ìṣòro, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, àjọ tó ń fúnni ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, tó wà ní ìpínlẹ̀ yín. Ìjọba àpapọ̀ ló gbé e kalẹ̀ fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn ò ju owó oṣù tó kéré jù lọ. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ ní láti máa lọ ṣáá. Ẹ mú ìwé ẹ̀sùn dání, àti ìwé tí wọ́n kọ gbèdéke béèlì sí, àti jọ́tà. Tí nọ́ńbà oníbàárà yẹn bá wà nínú rẹ̀, ẹ má pè é, kó má bàa sọ síìmù náà nù. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé náà, kí ẹ sì gbé jọ́tà gangan lé lọ́yà lọ́wọ́. Tí ọlọ́pàá bá bèèrè fún un, kí lọ́yà fúnra rẹ̀ gbé e fún wọn, kí wọ́n sì buwọ́ lùwé pé àwọn gbà á.